Omi Oníyọ̀ àti Iṣu Ìkórè

Ogójì ọdún ni Bàbá Olóyèdé fi mu tíì láìfi ṣúgà sí i. Ohunkóhun tó bá ti dùn lẹ́nu, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń pè é. Bí àwọn ọmọ Osi, ìlú rẹ̀, tó ń gbé ní ìlú ńlá bá wálé wá sìnkú, tí wọ́n fún un ní bisikíìtì, á gbà á, á dúpẹ́, á sì gbé e fún ewúrẹ́ Damaris, ìyàwó rẹ̀. "Jẹ̀díjẹ̀dí kì í mú ewúrẹ́," ni yóò wí.

Ohun kan ṣoṣo ni àgbẹ̀ yìí fi ń yangàn. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń wá iṣu tó tóbi jù lọ, ẹnì kan á rù ú ṣáájú gbogbo ọrẹ láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, láìfi ọwọ́ kàn án. Orí Bàbá Olóyèdé ni iṣu náà ti ń wọlé láti ọdún mọ́kànlélógún. Ṣùgbọ́n àdéhùn ìjọ ni pé ẹni tí kò bá lè rù ú lọ́dún kan ti fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹlòmíràn náà sì ti wà nílẹ̀: Àbáyọ̀mí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí oko àwọn méjèèjì pààlà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ìkórè ọdún tó kọjá, ìgbẹ́ gbuuru dá Bàbá Olóyèdé dùbúlẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lọ sí ilé ìgbẹ́ nígbà mẹ́sàn-án. Ó ń mu omi lásán, ife lórí ife, bí omi náà ti ń wọlé ló ń jáde. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Àbáyọ̀mí yà wá kí i. "Olóyèdé, mo ti ń fi odó dánra wò lórí o."

"Kó já lé ọ lẹ́sẹ̀," ni aláìsàn dáhùn, ó sì tún sáré jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sikirat, nọ́ọ̀sì láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó wo ahọ́n Bàbá, ó fa awọ ọwọ́ rẹ̀ wò, ó bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ náà. Kò sí. Ó já ọ̀rá ORS kan, oògùn oníyọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ìgbẹ́ gbuuru, ó dà á sínú omi ọ̀rá píọ́ wọ́tà méjì, ó sì rò ó pọ̀. Ó ní kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí òun lọ wo aláìsàn kan ládùúgbò kejì.

Bàbá tọ́ ọ wò. "Ṣúgà!" Ó gbé gbogbo rẹ̀ fún ewúrẹ́. Nígbà tó sì ti gbọ́ lẹ́nu Sikirat pé iyọ̀ wà nínú ẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sínú ife omi, ó gbé e mì. Kò pẹ́ tó fi bì í.

Nígbà tí Sikirat padà dé lọ́sàn-án, ewúrẹ́ ń fò kiri àgbàlá, Bàbá sì nà gbalaja lórí ẹní.

"Ta ló mu omi tí mo pò?"

Damaris fi ẹnu júwe ewúrẹ́.

Sikirat rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí súnmọ́ ẹní. "Bàbá, bí òógùn bá ṣàn wọ ẹnu yín lóko, báwo ló ṣe ń rí?"

"Iyọ̀ ni."

"Omi tó ń jáde lára yín látàná náà, oníyọ̀ ni. Àwọn èròjà míì tún ń bá a lọ, irú èyí tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tí iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin wá ń fi omi lásán rọ́pò. Ìyẹn lẹsẹ̀ fi ń fà yín."

"Mo ṣáà bu iyọ̀."

"Ẹ bù ú jù. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù, ṣe ló ń fa omi kúrò lára. Èyí tó mọ níwọ̀n gan-an, ó ṣòro fún un láti dá wọlé láti inú ìfun. Òun àti ṣúgà ni wọ́n jọ ń wọlé, omi á sì tẹ̀lé wọn."

Bàbá gbé orí sókè lórí ẹní. "Iyọ̀ ni ìyàwó nígbà náà. Ṣúgà ni alárenà."

"Omi ńkọ́, Bàbá?"

"Omi ni ẹbí tó sin ìyàwó wá, tí wọn ò fẹ́ lọ mọ́."

"Ogójì ọdún lẹ ti ń lé alárenà nínú ilé yìí," ni Damaris wí, ó sì gbé ife tuntun sí i lọ́wọ́.

Ó di ojú, ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá kan tẹ̀lé òmíràn. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, ìgbẹ́ gbuuru náà dá, ó sì tọ̀ dáadáa, àmì pé omi ti dúró lára rẹ̀. Damaris kéde rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò bí ẹni pé wọ́n bímọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àbáyọ̀mí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú òṣùká lọ́wọ́. Bàbá Olóyèdé gba òṣùká náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lé orí ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé iṣu lé e. Nígbà tó dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún rẹ̀ mì. Orin dákẹ́. Àbáyọ̀mí na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba ọmọ. Òógùn ṣàn láti iwájú orí Bàbá dé ètè rẹ̀. Ó fi ahọ́n lá a. Iyọ̀ ni! Ẹ̀rín pa á. Iṣu ń gbọ̀n lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń lọ, títí ó fi dé iwájú pẹpẹ.

Nígbà tí wọ́n jáde, Àbáyọ̀mí dì mọ́ ọn. "Odó tí mo fi dánra wò ńkọ́?"

"Lọ fọ̀ ọ́. Iyán la máa gún nínú ẹ̀ lónìí."