Bíríìjì fún Gìtá Àtijọ́

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ní Ìbàdàn, tí pọ́n-ùn àti ṣílè ṣì ni owó wa, pọ́n-ùn mẹ́rìnlá ni àwa márùn-ún tí a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ orin dá jọ tí a fi ra gìtá oníná kan. Odindi gìtá ni o, pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Lónìí, ní Barking níbí ní ìlú òyìnbó, bíríìjì gìtá yẹn nìkan, irin pẹlẹbẹ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbára lé nísàlẹ̀, pọ́n-ùn mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Mo bi ọmọbìnrin mi bóyá wúrà ni wọ́n fi rọ ọ́.

Ó ní, "Dádì, èyí tó dínwó jù lẹ ń wò yẹn."

Ǹ bá má da ara mi láàmú. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni gìtá náà ti wà láti ọjọ́ yìí wá, bíríìjì rẹ̀ ti dógùn-ún, síkúrù méjì sì ti já sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ akọrin ẹgbẹ́ wa nígbà náà ń gbé ní Abẹ́òkúta, àìsàn ìgbàgbé sì ti mú un. Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó gbé fóònù, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, sà. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Èmi tí a jọ sùn ní yàrá kan fún ọdún mẹ́ta!

Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù. Ó ní bí wọ́n bá ti fi orin àtijọ́ sí rédíò, ọkọ òun máa ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Ẹ bá wa ta gìtá yín sí i létí, Bọ̀dá. Bóyá á dá yín mọ̀."

Bí mo ṣe fa gìtá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, tí wàhálà sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ṣí fóònù rẹ̀, bíríìjì sì ń jáde bí eṣú. Òmíràn ní síkúrù mẹ́fà, òmíràn ní méjì. Òmíràn ní ọwọ́ gbọọrọ tí wọ́n máa ń mì. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó wọ́n ju gbogbo ìyókù lọ, ó sì dọ̀tí.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Tuntun ni, Dádì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dógùn-ún díẹ̀ ni, kó lè jọ ti àtijọ́."

"Tèmi ti dógùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́. Bá mi tà á fún wọn."

Mo fi téèpù ìránṣọ ìyá rẹ̀ wọn àlàfo àárín ihò síkúrù. N kò rántí pé téèpù aláṣọ máa ń nà bó bá gbó. Bíríìjì dé, ihò rẹ̀ kò bá tèmi mu. A dá a padà. Ọmọ mi fi rúlà onírin wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mo sì rí ẹ̀rín ní ẹnu rẹ̀.

Èkejì bá a mu. Mo wọ rélùwéè láti Barking Riverside, mo tún wọ òmíràn lọ sí Dagenham East, níbi tí òyìnbó kan ti ń tún gìtá ṣe nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní ta ló fi okùn tín-ín-rín síbi tó yẹ kí okùn kẹrin tó nípọn wà? Ó ní àṣìṣe ni. Kí n tó dáhùn, ó ti já a, ó ti fi òmíràn sí i.

Kì í ṣe àṣìṣe. Gìtá kan ṣoṣo ni agbára wa ká, gìtá méjì ni a sì fẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi fi okùn tín-ín-rín sí ipò kẹrin, kí ohùn rẹ̀ máa yọ sókè láàárín ìyókù, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, mo gbé gìtá mi lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ta á sí ọ̀rẹ́ mi létí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, bíi ti gìtá ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ó dùn o, sà. Ẹ ṣeun."

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ní ọjọ́ kejì mo padà sí Dagenham East, mo ní kó dá okùn tín-ín-rín padà. Ó dá a padà, okùn sì ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò, nítorí ojú ọ̀nà tí okùn ń gbà lórí bíríìjì tuntun ti gbòòrò jù fún un. Òyìnbó ronú títí. Ó ní àfi irin kékeré orí bíríìjì àtijọ́, èyí tí okùn náà ń sùn lé. Okùn ti fi àádọ́ta ọdún la ojú ọ̀nà tirẹ̀ síbẹ̀. Ṣé mo ti sọ ọ́ nù? Mo yọ ọ́ nínú àpò kóòtù mi, mo gbé e sórí tábìlì, ó fi í sí ara tuntun, kíkùn náà sì dáwọ́ dúró. Mo ra bíríìjì tuntun, mo wọ rélùwéè lẹ́ẹ̀mejì, ògbólógbòó yẹn náà ni wọ́n tún padà wá ń wá!

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gbé fóònù sórí àga, mo sì bẹ̀rẹ̀. N kò tíì dé ìdajì tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Oníwàdùwàdù! O tún ti ń sáré. Ta ló ń lé ọ?"

Ìyàwó rẹ̀ pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí olóríkunkun yìí máa ń pè mí ní Ìbàdàn nìyẹn, n kì í sì í sáré, òun ló máa ń falẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó ní, "Irọ́ lò ń pa. Fi fóònù fún àwọn tó kù, kí wọ́n wá jẹ́rìí."

Mo ní wọn kò sí lọ́dọ̀ mi.

"Níbo ni wọ́n wà?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ purọ́. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un. Onílù wa ti kú, ó ti pẹ́. Ẹni tó ń fọn fèrè náà ti lọ, ìwọ lo sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹni tó ń ta béèsì wà ní Àkúrẹ́, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó wà. Ìwọ wà. Èmi náà wà.