Ọpọlọ Mi Kì í Ṣe Gbodo

Ìyìn kan wà tí wọ́n yìn mí nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin ní Ṣakí, tí inú fi ń bí mi títí di òní. Wọ́n ní èmi ni ọmọ tí kì í jẹ gbèsè ààwẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbé nílé Mùsùlùmí rí lè má mọ ohun tí ìyìn náà túmọ̀ sí. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ nínú Ràmàdáánì kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ka súrà. Á máa jẹun, ṣùgbọ́n á san ọjọ́ wọ̀nyẹn padà lẹ́yìn ìtúnu. Gbèsè ààwẹ̀ nìyẹn. Nílé tiwa, ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ni àwọn obìnrin tó jẹ gbèsè ti ń jẹun lọ́sàn-án, ní bòókẹ́lẹ́, kí ọkùnrin má baà rí wọn. Wọn á máa ki ẹ̀kọ bọnu, wọn á sì máa rẹ́rìn-ín bí olè. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, gbogbo obìnrin ilé ló dé ibẹ̀ àfi èmi. Mo gba ààwẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ni ààfáà tó ń kọ́ wa ní kéú, ọ̀rẹ́ bàbá mi, bá mú mi dúró níwájú àwọn ọmọ kéú, ó ní kí àwọn ọmọbìnrin yòókù wò mí dáadáa.

Òun gan-an ni kò wò mí dáadáa. Ká ní ó wò mí ni, ì bá rí i pé egungun èjìká mi ti yọ, ì bá sì rí i pé gèlè tí mo wé kò bo orí tí irun ti ń re. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, nǹkan oṣù mi sì ti dáwọ́ dúró kí ààwẹ̀ tó wọlé. Wọ́n ń yin igi tó ń kú lọ pé kì í wọ́wé.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Mo wà ní fọ́ọ̀mù fóò nígbà náà. Ìjọba ti sọ ilé ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi owó kẹ́wọ́ pé kí n jókòó sílé. Mo fẹ́ràn ìṣirò bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran. Ìyá bàbá mi wá kí wa láti Ìlerò, ó bá mi níbi tí mo ti ń wẹ̀, ó sì pariwo sí gbogbo agbo ilé pé, "Ìdí ọmọ yìí mà ti yọ o! Kí la tún ń dúró dè?" Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni oníṣòwò kan tó ń kó aṣọ wọlé láti ìhà Kútọnu bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí bàbá mi lemọ́lemọ́. Mo ti rí ọmọ kíláàsì mi tí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ gbé lọ sílé ọkọ, tí àga rẹ̀ sì ṣófo títí ọdún fi parí.

Mo bá pinnu pé ìdí náà kò ní yọ mọ́. Bí mo bá kéré, kò sẹ́ni tó máa kó mi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo ń fi oúnjẹ mi fún àwọn àbúrò, mo ń sọ pé mo ti jẹ. Nígbà tó yá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣòwò mọ́. Àìjẹun náà ti gba ìjánu lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gbé òkèlè, àyà mi á máa já bíi pé mo fẹ́ jalè.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé n kì í fọ àkísà oṣù mọ́. Ó sọ fún ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, tó tún wá kí wa, ìyá àgbà sì mú mi wọ yàrá, ó ní kí n dùbúlẹ̀.

"Ta ló fún ọ lóyún?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá."

Ó fi ọwọ́ tẹ ikùn mi kiri títí, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Àlùhámúdùlílà," ó sì jáde lọ jẹun ọ̀sán rẹ̀. Ìyá mi náà mí kanlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá nínú ikùn mi. Nígbà tí wọn kò bá a níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ràmàdáánì parí, n kò ṣíwọ́. Mo ń gba ààwẹ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń kí mi kú ìfọkànsìn. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ọpọlọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í já mi kulẹ̀. Mo lè ka ìlà kan nínú ìwé, kí n tó dé òpin rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Ìṣirò tí mo ń ṣe lórí ìdúró tẹ́lẹ̀ di òkè ńlá. Oúnjẹ nìkan ló kù nínú orí mi: wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kọjá, èépá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Gbogbo ọjọ́ ni mò ń rò ó, n kò sì ní fẹnu kàn án. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò sí àgbàlagbà kan nílé wa tí kì í pa òwe yẹn bí oúnjẹ tirẹ̀ bá pẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí rẹ̀ nígbà tó kàn mí.

Lọ́jọ́ kan ní kéú, ààfáà ní kí n ka súrà kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dé àárín, ó pòórá. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún pòórá. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ààfáà sọ fún bàbá mi pé àlùjọ̀nnú ló gùn mí. Ó kọ nǹkan sí pátákó wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó ní kí n mu omi náà, kí n sì fi ààwẹ̀ ọjọ́ méje tì í lẹ́yìn.

Ààwẹ̀! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń bẹ́ orí ara mi ni wọ́n ń dé ládé.

Mo gba ààwẹ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, n kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́. Bàbá mi ní, "Ọpọlọ rẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti gbẹ kò ní nǹkan í ṣe nílé ẹ̀kọ́." Ó kó ìwé mi sókè àjà, ó sì fi mí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìlerò. Ohun tí mo torí rẹ̀ febi pa ara mi ni ebi náà gbà lọ́wọ́ mi.

Àkókò gbodo ni mo dé Ìlerò. Wọ́n ń bó iṣu, wọ́n ń fi omi gbígbóná ṣe é, wọ́n sì ń sá a sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Oòrùn àti ọyẹ́ á fà á mu títí á fi le bí òkúta. Ìyá àgbà mú ọ̀kan, ó fi kan àpáta kó lè ró sí mi létí.

"O gbọ́ ọ? Bí ọpọlọ rẹ ṣe rí nìyẹn. Iṣu tó bá ti di gbodo, kì í padà di iṣu mọ́. Ọkọ la máa wá fún ọ, ọkọ tí kò ní bèèrè ìwé."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, òun sì ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tó dúró nínú mi láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá mi wá bẹ̀ mí wò, ó bá ẹsẹ̀ mi ní wíwú, ó sì bú sẹ́kún. Ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó máa gbé mi lọ síbì kankan láìjẹ́ pé ọmọ òun fọwọ́ sí i.

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni ìyá mi wí lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo bí i." Ó dìde, ó gbé mi pọ̀n bí ọmọ ọwọ́ dé ibi tí ọkọ̀ wà, mo sì rọrùn ún pọ̀n.

Obìnrin ni dókítà tó rí wa nílé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti fèsì: "Láti ìgbà òjò àkọ́kọ́ ni, dókítà."

"Ẹ mọ̀?"

Ìyá mi wo ilẹ̀. Mo wò ó. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi sí i.

Mo bèèrè ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀: "Ṣé òótọ́ ni pé ọpọlọ mi ti gbẹ?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò gbẹ. Ó súnkì ni."

Ó jókòó sórí ibùsùn, ó là á yé mi. Ó ní bí ara kò bá rí oúnjẹ, á jẹ ọ̀rá ara rẹ̀, á jẹ ẹran ara rẹ̀, nígbà tó bá yá, ọpọlọ pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, omi tó yí i ká á sì gba àyè tó ṣófo. Ó ní ní òkè òkun, wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, wọ́n sì ti rí i. Bí ẹni náà bá jẹun, tí ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọpọlọ náà á tún fẹ̀ sí i.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ni?"

"N kò lè búra fún gbogbo rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù á padà. Ṣùgbọ́n ara ló máa kọ́kọ́ dé, ọpọlọ á tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ọkàn rẹ á ṣì máa pariwo pé kí o má jẹun. Má dá a lóhùn."

Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà wo tèmi. Ó ní wọn kò ní in níbẹ̀, kí n jẹun kí n wò ó fúnra mi.

Mo jẹun. Ẹ má ṣe rò pé ó dùn. Ìbínú ni mo fi jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ̀kọ mo sunkún, mo jẹ ẹyin mo sunkún. Bí òkèlè bá kọ́ mi lọ́rùn, mo máa ń rántí gbodo tí wọ́n fi kan àpáta, á sì lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kún, orí mi ṣì wà bí ilé tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ, mo sì rò pé dókítà parọ́. Ìgbà tó di ọjọ́ kan, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́, àárín súrà tó pòórá yẹn kàn wọlé fúnra rẹ̀. Mo fi abọ́ sílẹ̀. Mo fi ìka kọ ìṣirò sórí ilẹ̀, mo sì rí ìdáhùn rẹ̀.

Mo padà sí Ṣakí, bàbá mi kò gbà kí n padà sílé ẹ̀kọ́. Ó ní ara lòun rí, òun kò rí ọpọlọ. Ràmàdáánì tún wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi àti ààfáà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín jáde, n kò lọ sẹ́yìnkùlé, mo jókòó síwájú wọn, mo sì ń jẹ.

Bàbá mi fò dìde. "O ò tijú?"

"Mo jẹ gbèsè ààwẹ̀, Bàbá. Ẹ bá mi dúpẹ́."

Ààfáà ní, "Ìwọ! Ìwọ tí o kì í jẹ gbèsè?"

"Àìsàn ni ìgbà yẹn, Ààfáà. Àìsàn lẹ̀ ń yìn. N kò lè ka súrà fún yín lónìí, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ẹ bi mí ní ìṣirò."

Bóyá ó fẹ́ dójú tì mí ni, ó bi mí ní ìṣirò ogún pínpín. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, ọmọkùnrin méjì, ọmọbìnrin kan, àti màálù ogójì. Mo gbé òkèlè mì.

"Ìyàwó á mú márùn-ún. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan á mú mẹ́rìnlá. Méje ni ti ọmọbìnrin."

Ààfáà ṣí ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Ó pé."

Bàbá mi wo òkè àjà níbi tí ìwé mi wà. Ó ní, "Dìde, lọ gbé ìwé rẹ sọ̀kalẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n jẹun tán ná, Bàbá."