Ìwádìí Ìdílé ní Erékùṣù Tirinidádì

Ọkọ mi ò bá mi lọ. Ó ní eegun òun ti gbó ju ohun tí wọ́n ń gbé kọjá òkun lọ. Iṣẹ́ kan ló rán mi: "Wádìí wọn dáadáa. Tí o bá ní wọn ò dáa, a ò ní fún wọn lọ́mọ." Àkọ́bí wa obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní erékùṣù Tirinidádì, ó sì ti rí ọkọ níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wá láti Íńdíà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwádìí ò le. Ká ní ìlú Ìyìn tó wà nítòsí wa ni ìdílé náà wà, màá gun ọ̀kadà láti Adébáyọ̀, àdúgbò wa ní Adó, màá ra àgbàdo sísè lẹ́bàá ọ̀nà, màá sì bèèrè bí ẹni tí kò bèèrè. Kí n tó jẹ àgbàdo náà tán, mo ti mọ ẹni tó ń lu ìyàwó àti ẹni tó ta ilẹ̀ ẹbí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é níbi tí mi ò ti mọ ẹnì kankan?

Mo ṣe é náà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ mi fi ń wa mọ́tò gbé mi yí erékùṣù náà ká, mi ò sì rí irú ibẹ̀ rí. Ní òpópónà kan ṣoṣo, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wà, mọ́ṣáláṣí kọjú sí i, tẹ́ḿpìlì àwọn Híńdù wà níkangun, àwọn àsíá pupa àti yẹ́lò ń fẹ́ lórí ọparun níwájú ilé. Èèyàn dúdú bíi tèmi, ará Íńdíà, ará Ṣáínà, àti àwọn tí ẹ̀yà mẹ́ta dà pọ̀ sójú wọn, gbogbo wọn ń fi Gẹ̀ẹ́sì kan náà tó ń dún bí orin kí ara wọn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Fẹ́rẹ̀ẹ́ ni o. Níbikíbi tí a bá ti dúró ra àgbọn, mò ń bèèrè ìdílé ọkùnrin yẹn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́! Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí," ni ọmọ mi ń wí.

Irọ́ ni. Gbogbo wọn ló dá mi lóhùn. Wọ́n ní ìdílé náà láápọn, àmọ́ ìyá àgbà wọn le koko.

Lọ́jọ́ karùn-ún, a gòkè lọ sóko kòkó ìyá àgbà náà. A bá a láìwọ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ da kòkó tó sá sí àgbàlá kí oòrùn lè ká gbogbo rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó lèmi náà. Mi ò dúró gba àga, mo bọ́ bàtà, mo bá a dà á. Òórùn àgbàlá bàbá mi ni mò ń gbọ́, omi sì bọ́ lójú mi.

Fóònù mi dún. Aládùúgbò mi ní Adó ni, opó kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Láti òjò èṣí la ti ń jà lórí omi gọ́tà.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì," ó fi ohùn Adó wa sọ ọ́, "ìyá àgbà kan pè mí láti òkè òkun. Ọmọ yín ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ó bi mí ní gbogbo uwà yín."

Mo wo ọmọ mi, ó ń wolẹ̀. Ìyá àgbà ti ní kó fún òun ní nọ́ńbà ẹni tí kò ní parọ́ nítorí wa. Nínú gbogbo Adó, ọ̀tá mi ló rí!

"Kí lẹ wá sọ?"

"Òótọ́ ni. Mo ní ẹnu yín mú bí abẹ, ẹ ò sì mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Mo tún ní nígbà tí ọkọ mi kú, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fi sùn sí ulé mi kí n má baà dá wà."

Ìyá àgbà wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹsẹ̀ ti kòkó sí iwájú mi kí n máa dà á lọ.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ò jẹ́ kí n tíì jókòó. "Ṣé wọ́n yege?"

"Àwa la yege," mo ní. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo sì kọjá sílé aládùúgbò mi lọ bẹ̀ ẹ́.