Igi Tó Lọ Kí Baba Bíríkìlà

Wọ́n ní igi kan ń rìn ní ilé ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń fọ aṣọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹni tó ń dáná, ẹni tó ń dáná fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, igi náà ti kan fèrèsé, ó ti béèrè àlàáfíà aláìsàn, wọ́n sì ti dá a lóhùn. Àwọn kan tilẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n mi ló rán an níṣẹ́.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni láti wádìí ohun tí igi, koríko, ibòòji àti atẹ́gùn ìta ń ṣe fún ara èèyàn. Ó kàwé kàwé, ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á, ó wá padà wá jókòó sábẹ́ igi. Mo máa ń sọ fún un pé, "Àǹtí mi, ewúrẹ́ náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sì gba ìwé ẹ̀rí." Yóò ju bàtà sí mi. Kò tíì bà mí rí.

Yàrá méjì ni wọ́n ń tẹ́ àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ sí. Fèrèsé ọ̀kan kọjú sí ọgbà, ti èkejì kọjú sí ògiri ilé jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ìyàtọ̀ àárín wọn: ta ló ń tètè béèrè oògùn ara ríro, ta ló ń rí oorun sùn, ta ló ń tètè dìde. Òfin ibẹ̀ ni pé wọn kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni láti yàrá kan sí èkejì, torí bí wọ́n bá ti lú wọn pọ̀, kò sóhun téèyàn lè tọ́ka sí mọ́. Iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ yanjú kí wọ́n tó lè fi gba ọgbà náà sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ti ń wo ọgbà yẹn bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ó fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Baba Bíríkìlà fi já bọ́ láti orí àkàbà, tí itan rẹ̀ ṣẹ́, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ sí yàrá ògiri. Wọ́n to egungun náà. Nígbà tó yá, dókítà ní kó máa dìde rìn, kí ẹsẹ̀ má baà gan. Baba kọ̀.

"Ẹ bá wa dìde díẹ̀, Baba," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí n dìde lọ wo kí ni? Gbogbo ayé mi ni mo fi mọ ògiri, ògiri ló tún wá ń wò mí. Ẹni tó rẹ́ eléyìí gan-an, kò rẹ́ ẹ dáadáa."

"Ẹ má bínú, Baba."

"Mi ò bínú. Ọmọ mi, ṣá gbé mi lọ sí ìhà kejì, kí n máa rí ewé."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sáyè níbẹ̀.

Àyè wà. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ aṣọ orí rẹ̀ ni.

Nígbà tó délé, ó ń fi ṣíbí ro oúnjẹ kiri. Mo béèrè bóyá ewé kan ló kú, ká lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mo purọ́ fún àgbàlagbà," ló wí, ó sì rò ó fún mi.

Mo ní, "Áà, Àǹtí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí ògiri ń fojú èèyàn rí, ẹ̀yin náà lẹ wá di ọlọ́dẹ ògiri?"

Mo fi ṣeré ni. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, kò tún gbé e mọ́.

Láti ìgbà náà ló ti ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí Baba má baà rí i, òun tó jẹ́ pé bó bá rí alángbá yóò kí i. Ó ra ìrọ̀rí rírọ̀ ránṣẹ́ sí Baba. Ó ra rédíò. Baba yí ojú rédíò sí ògiri, ó ní kí òun náà máa wo ohun tí òun ń wò. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá sọ pé orúnkún Baba ti ń le, ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń darí ìwádìí náà lọ, ó jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé Baba.

"O mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ yìí ti bàjẹ́ nìyẹn?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká lo ohun tá a ti rí títí di òní."

"Kò tó láti fi gba ọgbà sílẹ̀."

"Mo mọ̀, sà."

Ọ̀gá náà gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé yàrá ọgbà, ẹlòmíràn ti ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Irọ́ tó pa ti di òótọ́. Ó lọ dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Baba.

"Baba, àyè wà lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ní báyìí, kò sí mọ́."

"Mo mọ̀. Ìyàwó mi gba ibẹ̀ kọjá, ó ní bẹ́ẹ̀dì kan ń dá sùn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Mò ń wò ó bóyá wàá sọ ọ́."

Baba kò sọ pé òun dárí jì í. Ó ní kó bá òun gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Baba lajú láti ojú oorun, ó rí igi ọsàn kan tó dúró láàárín fèrèsé àti ògiri. Ó wò ó títí. Àwọn yòókù jí, ariwo sọ, ibẹ̀ sì ni igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹsẹ̀. Baba kò bá wọn pariwo. Ó ní kí nọ́ọ̀sì gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ wá.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, Baba?"

"Igi yẹn fì sápá kan. Mi ò lè dùbúlẹ̀ kí n máa wo ohun tí kò gún."

Ó gbá ògiri mú, ó wọ́ ẹsẹ̀ jáde, ó ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan, ó fi há ìdí igi náà, ó dijú kan wò ó, ó tún un há. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ní kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ tí Baba ń wọ́ ló ń wò.

Ẹsẹ̀ náà kò nà tán títí dòní. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́ tí ọ̀pá kan ń ró lórí sìmẹ́ńtì, yóò wo ilẹ̀, èmi náà kì í fi ìyẹn ṣeré. Wọn ò sì tíì pinnu ohun tí wọn yóò fi ọgbà ṣe.

Ní ti igi, inú garawa oníke ńlá ló wà. Ọmọlanke ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi tì í wá.