Bí Mo Ṣe Di Ògbufọ̀ Ará Japan ní Ṣàngótẹ̀dó

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ilé iṣẹ́ yìnyín tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngótẹ̀dó ra ẹ̀rọ tuntun láti Japan, injiníà kan sì tẹ̀ lé e wá, Ọ̀gá Kẹ́njì. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tó nǹkan. Nígbà tí Àǹtí Bísí, mánéjà wa, béèrè ẹni tó lè bá wọn sọ̀rọ̀, èmi olórí àwọn tó ń gbé ẹrù ni mo nawọ́.

"Rẹ̀mí, ìwọ gbọ́ èdè Japan?"

"Díẹ̀díẹ̀, mà."

Díẹ̀díẹ̀ ọ̀hún kò ju ení dé ẹ̀wá tí mo kọ́ lórí fóònù. "Hachi" ni wọ́n ń pe ẹ̀jọ, bí ẹni tó ń sín. Mò ń sín kiri ilé títí ìyàwó mi fi lọ ra oògùn ọ̀fìnkìn fún mi.

Ọjọ́ tí a máa gbé ẹ̀rọ náà sí àyè rẹ̀ pé. Ọ̀gá Kẹ́njì fọwọ́ júwe fún mi: kí a fi ọ̀pá irin gbé e sókè, kí àwọn fúnra wọn ki rọ́bà bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn á máa kà. Bí wọ́n bá ti ka ẹ̀wá, kí a rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó yé mi yékéyéké. Mo kọjú sí àwọn ènìyàn mi, mo ní, "Ẹ sáà máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ." N kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ọ̀mọ̀wé ń ṣàlàyé ni?

A gbé e. Ọ̀gá Kẹ́njì dojú bolẹ̀, wọ́n kiwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀rọ. "Ichi, ni, san, shi, go..." Mò ń mi orí bíi pé èmi ni mo kọ́ wọn. "...hachi, kyu, juu!"

Àwọn ènìyàn mi jù ú.

Gbogbo ilé mì tìtì. Ọwọ́ Ọ̀gá Kẹ́njì ni mo kọ́kọ́ wá. Ìka márààrún pé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde ni.

"Ta ló ní kí ẹ jù ú?" Àǹtí Bísí figbe ta.

Bàbá Ṣẹ́yẹ, tó dàgbà jù nínú wa, nàka sí injiníà. "Àwọn náà ni, mà. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ní, 'Jù ú!'"

Gbogbo ojú yí sí ògbufọ̀. Mo na ìka mẹ́wàá sí Ọ̀gá Kẹ́njì, mo ní "juu." Mo ṣí àkẹtẹ̀ iṣẹ́ mi, mo tún ní "juu," mo là á mọ́lẹ̀. Ọ̀gá Kẹ́njì wò mí, wọ́n wo ìka wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ní kíkà ti Yorùbá.

Lọ́sàn-án, a tún gbé e. Ọ̀gá Kẹ́njì ń kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, ó dùn mọ́ mi nínú bí olùkọ́. Ìgbà tó kù díẹ̀ ni ohùn yẹ̀:

"Ẹ̀wà!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa àwọn tó di irin mú. "Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́!" ni mò ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ rọra balẹ̀. Bàbá Ṣẹ́yẹ nu òógùn, wọ́n bi injiníà bóyá dòdò á wà lórí ẹ̀.

Ajah ni mo ti ń gbé ẹrù báyìí, pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ tèmi. Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan, n kì í bi wọ́n bóyá ọ̀rọ̀ mi yé wọn. Mo máa ń ní kí oníkálukú sọ ohun tí òun gbọ́.