Ọwọ́ Aláwọ̀ Méjì Tó Ń Po Búrẹ́dì

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ ń jẹ búrẹ́dì láì béèrè ọwọ́ tó pò ó, àbúrò mi obìnrin ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Bí ó bá ń po ìyẹ̀fun, tábìlì á máa bẹ̀bẹ̀. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ.

Lọ́dún kan, funfun yọ sí i ní ìka. A rò pé ìyẹ̀fun ni. Ó fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Ni Télọ̀, aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bá figbe ta: "Ẹ̀tẹ̀ nìyẹn o!" Kíá, àwọn oníbàárà ń gba òdìkejì títì kọjá.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. "Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, Màmá. Àwọ̀ ara yín ló ń ṣá. Kì í ràn, kì í pani."

"Ṣé àrùn wá ni, àbí kì í ṣe àrùn?"

"Nínú ìwé tiwa, àrùn ni."

"Kò dùn mí, kò yún mí, kò dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń wò mí ni nǹkan ń ṣe. Àwọn ni kí ẹ fún lóògùn."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi jábọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ta búrẹ́dì. Kí ààrò má baà kú, ó ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Àwọn ènìyàn padà wá. Adùn búrẹ́dì ni kò padà. Ọwọ́ ló ń sọ fún un bí ìyẹ̀fun ṣe rọ̀ tó, rọ́bà kò sì gbọ́ nǹkan kan. Búrẹ́dì wá le bíi bíríkì. Eyín mi tí kò pé yìí, ibẹ̀ ló kù sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Télọ̀ gbé búrẹ́dì wá, ó fi gbá tábìlì, kò! kò!

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ìbọ̀wọ́ tí ẹnu yín rà fún mi ló pò ó."

Àbúrò mi gbé tábìlì jáde síta gbangba, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sọ nù, ó ki ọwọ́ aláwọ̀ méjì bọ ìyẹ̀fun. "Bí wọn ò bá rà á lónìí," ó sọ fún mi, "màá ti ṣọ́ọ̀bù pa."

Nígbà tí búrẹ́dì jinná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo òpópónà. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń dá itọ́ mì bí ẹni ń mu omi.

"Ìyá, ẹ bá mi gé díẹ̀ níbi tó pọ́n yẹn."

"Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹun ná!"

Ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, ó tún ra odidi kan. Bí àwọn tó kù ṣe rí i pé kò ṣubú lulẹ̀, wọ́n ya bo tábìlì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, èérún nìkan ló kù.

Funfun náà ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ gé búrẹ́dì yẹn fún mi jàre, ọwọ́ wo lẹ tún ń wò?