Ajá Abẹ́ Afárá Onírin

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo mọ afárá kan tó máa ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Afárá Onírin là ń pè é, lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà àtijọ́. Àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Irin rẹ̀ ti pọ́n bí èèpo ẹ̀pà, mọ́tò kan ṣoṣo ló sì gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, èyí tó kọ́kọ́ fọn fèrè ni yóò kọjá. Èyí kejì á dúró, àwọn èrò inú rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ na ẹsẹ̀, wọn á ra mángòrò, wọn á máa kí àwọn tó ń kọjá bí ẹni kí ẹbí. Mo rí ọjọ́ kan tí awakọ̀ méjì jọ fọn fèrè pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún ẹnìkejì, títí kóró mángòrò tí àwọn èrò jù sílẹ̀ fi hù. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí o. Bàbá mi ń fín igbá nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, wọ́n á kó mi sínú bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ó ku nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ká wọ ẹgbàá ọdún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Ìwé tèmi kò kúkú lọ jìnnà: nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì, ìwé ní ó ti rẹ òun, a sì pínyà láìjà.

Ohun tí ojú ń rí nídìí afárá yẹn, ó pọ̀ ju ti inú ìlú lọ. A máa ń gbé etí lé irin rẹ̀ láti gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè. Èmi lè fi etí mọ̀ bóyá màlúù ló kó tàbí iṣu, mo sì ti mọ orúkọ ìyàwó dírẹ́bà kí ó tó yọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù níbi iṣẹ́ ìránṣọ máa ń wá síbẹ̀ ya fọ́tò, wọn á fẹ̀yìn ti irin, ìpẹtà irin á lẹ̀ mọ́ aṣọ tuntun. Àwa ọmọdé á fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n ẹja wẹ́wẹ́, a ó sun ún lórí igi gbígbẹ, a ó fi mu gàrí. Gàrí yẹn máa ń ní iyanrìn nínú. Ó dùn síbẹ̀síbẹ̀.

Nísàlẹ̀ odò, níbi tí omi kò ju orúnkún lọ, ni àwọn obìnrin ti ń fọ irú. Ìyá àgbà mi ni olórí wọn, Ìyá Onírú ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ẹ mọ bí irú ṣe rí: wọ́n á se hóró rẹ̀ mọ́jú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ọpọ́n kí èèpo rẹ̀ ṣí, wọ́n á wá gbé e lọ sínú omi tó ń ṣàn, kí omi kó èèpo lọ kó fi irú sílẹ̀. Ẹnìkan kò lè dá a fọ̀. Nítorí náà, àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí gbogbo wọn á fọ ti lágbájá, lọ́la ti tàmẹ̀dù. Ìyá àgbà a máa sọ pé, "Irú tí a ti sè kì í dúró de ẹlẹ́sẹ̀ wúwo." Bí ilẹ̀ bá ṣú bá a láìfọ̀, ó di ìdọ̀tí.

Lábẹ́ afárá gan-an ni ibú wà. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ á gun òpó afárá, wọ́n á bẹ́ sínú rẹ̀ gbì! Múfú ni ọ̀gá wọn, ọmọ kan tó jọ pé inú omi ni wọ́n bí i sí. Èmi kò mọ ìwẹ̀ odò rárá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n yí mi ká.

"Ọmọ Ọ̀yọ́, bẹ́ sí i o!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Múfú wí, "inú igbá tí bàbá rẹ̀ ń fín ló ti ń wẹ̀."

Ẹ̀rín yẹn dùn mí wọ egungun. Bí mo ṣe la ẹnu nìyí, irọ́ jáde fúnra rẹ̀. Mo ní èmi kì í bẹ́ sínú omi tí ajá wà. Mo ní òyìnbó tó kọ́ afárá yìí gbàgbé ajá rẹ̀ síbẹ̀, ajá náà sì ti hu ìrù ẹja, ó ń dúró de ọ̀gá rẹ̀. Mo ní bí èèyàn bá tẹ́tí, á gbọ́ ọ tí ó ń kùn. Àfi bí ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣe gun orí afárá lákòókò yẹn, tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùùùn! Kí n tó ṣẹ́jú, bàtà nìkan ló kù lẹ́bàá odò. Múfú gan-an, ọmọ omi, orí ilẹ̀ ló sá gbà.

Inú mi dùn títí di ìrọ̀lẹ́. Àṣé irọ́ tí mo bí ti ń rákòrò, ó ti ń lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ajá mi ti ní orí méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kárùn-ún, obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, Ìyá Débọ̀, ní ajá náà ti gbá òun ní gìgísẹ̀ mú, àti pé òórùn irú ló ń pè é jáde. Ó tán. Kò sí obìnrin tó tún fẹ́ gbé irú lọ sódò.

Ọjọ́ tí àáró kan Ìyá àgbà ni èyí bọ́ sí. Ìkòkò ńlá méjì ló ti sè mọ́jú. Gbogbo hóró irú tó fi ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko ṣà lábẹ́ igi ló wà nínú wọn. Ó dúró títí oòrùn fi gun orí, ẹnìkankan kò yọjú. Ó jókòó lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Ó bi mí pé, "Àdìó, nígbà tí o ń bí irọ́ yìí, ta ló gbẹ̀bí rẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Dìde. Lọ pa á bí o ṣe bí i."

Mo sáré lọ bá Ìyá Débọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, kò sí ajá kankan níbẹ̀. Èmi ni mo parọ́."

"Irọ́ lo ń pa nísinsìnyí!" ni ó fi dá mi lóhùn. "Ajá tí mo fi ojú ara mi rí? Òun ló rán ọ wá, kó lè rí wa jẹ!"

Ilé mẹ́rin ni mo dé, èsì kan náà ni. Láyé mi, irọ́ mi kò tíì ṣòroó gbà rí, ọjọ́ tí mo sọ òótọ́ ni wọ́n pè mí ní òpùrọ́. Níkẹyìn, Ìyá Débọ̀ so gèlè rẹ̀ le. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lóòótọ́, wọ inú ibú yẹn ká rí ọ."

Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tá a débẹ̀. Àwọn obìnrin tò sórí afárá bí ẹyẹ. Ìyá àgbà nìkan ló dúró létí omi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ irú. Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ni Múfú bá bọ́ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Èjìká ni kó o dì mú o, kì í ṣe ọrùn. Bó o bá dì mí lọ́rùn, màá já ọ sílẹ̀ fún ajá rẹ."

A rìn wọ inú rẹ̀. Omi dé itan, ó dé àyà, ó dé ọrùn mi. Àfi bí ọkọ̀ kan ṣe tún gun orí afárá. Irin kùn hùùùùn! Àwọn obìnrin figbe ta. Èmi tí mo dá irọ́ náà sílẹ̀, mo gbọ́ ajá, mo tún gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Omi ibi tí mo dúró sí gbóná lójijì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ìdí. Ṣùgbọ́n mo rí Ìyá àgbà lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì dúró. Ọkọ̀ kọjá tán, afárá panu mọ́. Nǹkan kan kò jẹ mí.

 Ìyá àgbà ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ irú rẹ̀.  Ìyá Débọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ látorí afárá. "Ẹ ò rí i," ó ní, "ó ti sá lọ!" Gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. Orin gba odò kan, èèpo irú dúdú ń bá omi lọ, nígbà tí ilẹ̀ yóò sì fi ṣú, ìkòkò méjèèjì ti mọ́.

Ìyá àgbà kò nà mí. Ó ní kí n máa bá gbogbo alááró tẹ irú títí ìsinmi á fi parí. Mo tẹ irú títí ẹsẹ̀ mi fi ń run bí ọbẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Ọ̀yọ́, ajá adúgbò ń tẹ̀ lé mi wọ kíláàsì. Mo ti ṣèlérí fún Ìyá àgbà pé màá padà wá, ṣùgbọ́n ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi mú mi jókòó ti igbá fínfín. Kí n tó tún ríbi yọ́ lọ, Ìyá àgbà ti sun oorun àìjí.

Mo dé ìdí afárá yẹn láìpẹ́ yìí. Títì ńlá ti gba ibòmíràn lọ, ọkọ̀ kì í fọn fèrè fún ara wọn mọ́. Odò ti fún, ewéko ti bo ibi tí wọ́n ti ń fọ irú. Mo gbé etí lé irin; ó tutù, kò sọ nǹkan kan. Ní ayé ìgbà yẹn, èèyàn kò lè dá ìkòkò méjì fọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní jẹ́ kó dá a fọ̀. Lóde òní, ọmọdé ń ra magí onígun mẹ́rin ní ìsọ̀, ó tán.

Mo sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ajá òyìnbó kò yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní àwọn ti rí èyí tó jù ú lọ nínú fóònù. Èyí tí wọn kò gbà ni pé ogún obìnrin kúrò nílé lọ fọ irú ẹnìkan, tí wọ́n ń kọrin, tí kò sì sí ẹni tó sanwó fún wọn. Wọ́n ní, "Bàbá àgbà, irọ́ yín yìí ti pọ̀ jù." Èmi tí mo bẹ gbogbo adúgbò nígbà kan kí wọ́n gbà pé ajá kò sí níbẹ̀, mo wá jókòó, mò ń bẹ ọmọdé kí wọ́n gbà pé èèyàn wà níbẹ̀ rí.